Kí Ilé Ìwòsàn Tó Gbé Gègé Sílẹ̀: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Kíkọ Oògùn Lórí Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin alága ìjókòó, ẹ̀yin ọ̀gá dókítà, ẹ̀yin apòògùn àti nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn, a kí yín o, ẹ kú ìjókòó. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé wa lọ́wọ́ ni pé ká sọ bí a ṣe lè ran ilé ìwòsàn lọ́wọ́ nígbà tó bá fẹ́ fi ìwé oògùn aláfọwọ́kọ sílẹ̀, kó wá máa kọ oògùn lórí kọ̀ǹpútà. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fọkàn sí ni pé ríra ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ oògùn ló rọrùn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí.

Àǹfààní rẹ̀ kò ní àríyànjiyàn. Ìwé aláfọwọ́kọ ń pa èèyàn. Dókítà á kọ "1.0 mg", ẹni tó ń kà á kò ní rí àmì tó wà láàárín, á fún aláìsàn ní 10. Á kọ ".5", wọ́n á kà á sí 5. Á fi lẹ́tà U dúró fún ẹyọ (unit) insulin, oògùn àtọ̀gbẹ, U yẹn á jọ òdo, 4 á di 40. Á kọ máíkírógíráàmù, wọ́n á kà á sí mílígíráàmù, ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì sì jẹ́ ìlọ́po 1,000. Irú àṣìṣe báwọ̀nyí ni kọ̀ǹpútà ń tètè mú kúrò. Ní 1998, ìwádìí kan tó jáde láti ilé ìwòsàn ńlá kan ní Boston, ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé àṣìṣe oògùn tó léwu, tí ẹnikẹ́ni kò rí mú kó tó dé ara aláìsàn, fi ìpín 55 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù lẹ́yìn tí àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oògùn lórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ké sí gbogbo orílẹ̀-èdè ní 2017 pé kí wọ́n dín ewu ńlá tí àṣìṣe oògùn ń dá sílẹ̀ kù dé ìdajì láàárín ọdún márùn-ún, ọ̀pọ̀ ìjọba ló ka kọ̀ǹpútà mọ́ ohun tí wọ́n máa fi ṣe é.

Ṣùgbọ́n ìwádìí mìíràn wà tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀. Ní 2005, àwọn dókítà ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé kan ní Pittsburgh gbé iye tiwọn jáde. Àwọn ọmọ tí wọ́n gbé wá láti ilé ìwòsàn mìíràn nítorí àìsàn tó le ni wọ́n wò. Kí ètò kọ̀ǹpútà tó dé, 2.80 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ń kú. Lẹ́yìn tó dé, ó di 6.57. Ẹ wo ohun tó yí padà. Tẹ́lẹ̀, bí áńbúláǹsì bá ṣì wà lójú ọ̀nà, dókítà ti ń kọ oògùn tí ọmọ náà máa nílò sílẹ̀. Ètò tuntun kò gba àṣẹ oògùn kankan àyàfi tí ọmọ bá dé tí wọ́n sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ tán. Oògùn tó máa ń wà nítòsí lórí wọ́ọ̀dù, wọ́n kó o lọ sí ilé oògùn àpapọ̀. Àṣẹ tí gègé ń kọ ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ wá ń gba ìṣẹ́jú kan sí méjì. Ọjọ́ mẹ́fà péré ni wọ́n sì fi yí gbogbo ilé ìwòsàn padà. Ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé kan ní Seattle lo ètò kan náà, ikú kò pọ̀ sí i lọ́dọ̀ tiwọn. Wọ́n ti kó àwọn àṣẹ tí wọ́n sábà máa ń nílò jọ, wọ́n ti tò wọ́n sínú ètò, kí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tó pé. Ìmúrasílẹ̀ ló yàtọ̀, òun náà la wá bá yín sọ.

Kí ilé ìwòsàn tó pe oníṣòwò kankan wá fi ètò hàn án, kó kọ́kọ́ tọ ipasẹ̀ oògùn láti ọwọ́ dókítà dé ẹnu aláìsàn. Ẹ mú wọ́ọ̀dù kan, kí ẹnì kan dúró síbẹ̀ fún wákàtí 24, tọ̀sán-tòru. Ta ló ń kọ oògùn? Ta ló ń gbé ìwé lọ sí ilé oògùn? Ìgbà wo ni oògùn ń dé? Níbo ni nọ́ọ̀sì ti ń fọwọ́ sí i pé òun ti fún aláìsàn? Ẹ óò rí nǹkan tí kò sí nínú ìwé òfin ilé ìwòsàn kankan. Apòògùn ń fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sí etí ṣáàtì, ìyẹn ìwé oògùn aláìsàn, pé "ẹ wo àyẹ̀wò kíndìnrín rẹ̀ kí ẹ tó tún fún un". Nọ́ọ̀sì àgbà ń rán dókítà létí lẹ́nu pé oògùn apakòkòrò yìí ti pé ọjọ́ méje. Dókítà ń pe wọ́ọ̀dù láti yàrá iṣẹ́ abẹ, ó ń fi ẹnu pàṣẹ. Ọjọ́ tí ṣáàtì bébà bá kúrò nílẹ̀, gbogbo ìwọ̀nyí á bá a lọ, bí ẹ kò bá tí ì wá àyè fún wọn nínú ètò tuntun. Ààbò aláìsàn sì wà nínú wọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka iye kọ̀ǹpútà tó wà lórí wọ́ọ̀dù. Àárọ̀ ni kí ẹ kà á, kì í ṣe ọ̀sán tí ọwọ́ ti rọlẹ̀, nítorí àárọ̀ ni dókítà ń yí wọ́ọ̀dù ká, tí nọ́ọ̀sì ń pín oògùn, tí apòògùn náà ń yẹ ṣáàtì wò, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́ọ̀dù oníbẹ́ẹ̀dì 30 bá ní kọ̀ǹpútà mẹ́ta, nọ́ọ̀sì á kọ orúkọ oògùn sórí bébà, á lọ fún gbogbo èèyàn, á wá padà wá tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà lẹ́yìn wákàtí méjì. Àkókò tó wà nínú ètò á ti di irọ́, dókítà tó fẹ́ pinnu ìwọ̀n tó kàn á sì gbà á gbọ́. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ rí i bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé ibẹ̀. Ẹ wọn iye ìṣẹ́jú àáyá tí ẹnì kan fi ń wọlé sínú ètò. Tó bá ti pẹ́ jù, ẹnì kan á wọlé láàárọ̀, gbogbo wọ́ọ̀dù á sì máa fi orúkọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ títí di alẹ́.

Ibi tí a fẹ́ dúró sí jù lónìí ni àkójọ oògùn. Kọ̀ǹpútà kò mọ oògùn. Ohun tó mọ̀ ni ìlà tí èèyàn kọ sínú rẹ̀: orúkọ oògùn, agbára hóró kan, ọ̀nà tó ń gbà wọ ara, iye ìgbà lójúmọ́, ẹyọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ibi tí ìwọ̀n rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ìlà bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ètò ilé ìwòsàn ńlá, oníṣòwò kì í sì í kọ gbogbo rẹ̀ fún yín. Bó bá tilẹ̀ kọ ọ́, ti ilé ìwòsàn mìíràn ni. Ìdí nìyí tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n yọ apòògùn kan, ó kéré tán, kúrò nídìí pípín oògùn, kó jẹ́ pé iṣẹ́ yìí nìkan ni yóò máa ṣe. Ilé ìwòsàn tó bá ní kí apòògùn máa fi ìrọ̀lẹ́ kọ àkójọ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ń wá àṣìṣe. Kí apòògùn kejì, tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́, yẹ ìlà kọ̀ọ̀kan wò.

Orúkọ oògùn gan-an ni kí ètò máa gbé jáde, ìyẹn orúkọ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí, kì í ṣe orúkọ tí ilé iṣẹ́ fi ń tà á. Dókítà lè fi orúkọ ọjà wá a, ṣùgbọ́n ohun tó máa hàn lójú ṣáàtì ni orúkọ gidi, kí wọ́n má baà kọ oògùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì lábẹ́ orúkọ méjì. Paracetamol ló ń fi èyí hàn jù. Dókítà kan kọ 1 g lẹ́nu ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà. Òmíràn kọ 1 g gba inú iṣan lálẹ́, ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà bákan náà, nítorí pé aláìsàn ń bì, kò sì dá ti àkọ́kọ́ dúró. Lọ́jọ́ kejì tí èébì dúró, 8 g ló wà lórí ṣáàtì fún wákàtí 24, 4 g sì ni òpin fún àgbàlagbà. Bí ètò bá ka ti ẹnu sí oògùn kan, tó ka ti inú iṣan sí òmíràn, kò ní sọ nǹkan kan. Ẹni tó kọ àkójọ ló gbọ́dọ̀ so wọ́n pọ̀.

Methotrexate, tí wọ́n ń lò fún àrùn oríkèé-ara, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni. Ẹni tó bá gbà á lójoojúmọ́, oògùn náà á pa mùdùnmúdùn inú eegun rẹ̀, ó sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ètò, "lójoojúmọ́" ló wà lókè pátápátá nínú àwọn ìgbà tí dókítà á mú. Ẹ yọ ọ́ kúrò fún oògùn yìí. Kí "lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan" ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ètò béèrè ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ lò ó fún jẹjẹrẹ gba ọ̀nà mìíràn tó ní àyẹ̀wò tirẹ̀. Vincristine, oògùn jẹjẹrẹ, ń kọ́? Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ nìkan la ń fún un sí. Bó bá bọ́ sínú omi ọ̀pá ẹ̀yìn, ikú ló sábà máa ń já sí. Nítorí náà, kí ọ̀nà ọ̀pá ẹ̀yìn má tilẹ̀ sí nínú ohun tí dókítà lè mú fún oògùn náà. Ẹ kọ ọ́ báyìí: vinCRIStine, kí ó má baà dàrú mọ́ vinBLAStine tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń wá oògùn pẹ̀lú lẹ́tà méjì péré á rí ìlà tó pọ̀ lójú kan, ọwọ́ á sì yọ̀ sórí èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ kó tẹ lẹ́tà mẹ́rin tàbí márùn-ún kí orúkọ kankan tó jáde.

Ìwádìí kan láti Philadelphia, ní 2005 kan náà, ka ọ̀nà 22 tí ètò kọ̀ǹpútà fi ń ṣí ilẹ̀kùn fún àṣìṣe oògùn. Ọ̀kan nínú wọn kò ṣe é fojú fò. Ètò náà ń fi bí ilé oògùn ṣe kó oògùn pamọ́ hàn, bí àpẹẹrẹ hóró oní-10 mg. Àwọn dókítà ọ̀dọ́ rò pé ìwọ̀n tó yẹ kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń rí, wọ́n sì ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá jẹ́ kó hàn lójú kọ̀ǹpútà, dókítà tó rẹ̀ á kà á sí ìmọ̀ràn.

Àpẹẹrẹ tó kó gbogbo èyí pọ̀ ni ti ọmọ ọdún 16 kan ní ilé ìwòsàn kan ní San Francisco, ní 2013. Ó wúwo ní 38.6 kg, hóró oògùn apakòkòrò kan, 160 mg, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ló sì yẹ kó máa lò. Òfin wọn ni pé ẹni tí kò bá tó 40 kg, iye mg fún kílò kan ni kí wọ́n fi kọ oògùn rẹ̀. Ètò ṣírò 5 mg fún kílò kan, ó mú 193 mg wá. Hóró 160 ló wà, apòògùn sì ní kí dókítà tún un kọ. Dókítà tẹ 160, ṣùgbọ́n àpótí tó tẹ̀ ẹ́ sí ṣì wà lórí "mg fún kílò kan". Kọ̀ǹpútà sọ 160 di ìlọ́po 38.6. Ìkìlọ̀ jáde fún dókítà, ó tẹ̀ ẹ́ kọjá. Ó jáde fún apòògùn, òun náà tẹ̀ ẹ́ kọjá. Ẹ̀rọ tó ń di oògùn kò ní ẹnu tí yóò fi béèrè, ó di hóró 38 àti ààbọ̀. Ẹnu ya nọ́ọ̀sì sí iye yẹn, ó fi bákóòdù, àmì onílà tí ẹ̀rọ ń kà lára oògùn, yẹ̀ ẹ́ wò, kọ̀ǹpútà sọ fún un pé ó tọ̀nà. Ọmọ náà gbé gbogbo rẹ̀ mì. Gìrì mú un, ṣùgbọ́n Ọlọ́run yọ ọ́, kò kú.

Bákóòdù ń sọ pé ohun tó wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì bá àṣẹ mu. Kò lè sọ pé àṣẹ náà dára. Nítorí náà, fún oògùn kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń fi kílò ṣírò, ẹ fi òpin tí kò ṣe é kọjá sí i ní mg lásán. Ẹ jẹ́ kí ètò dúró bí ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan bá ti kọjá hóró márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí apòògùn kọ ìdí rẹ̀ kó tó tẹ̀ síwájú. Kí ẹyọ ìwọ̀n hàn gàdàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà. Kí ọjọ́ tí wọ́n wọn ọmọ náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kílò rẹ̀, nítorí kílò ọmọ ọwọ́ ti oṣù tó kọjá kò wúlò mọ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ sọ ọ́ di àṣà pé nọ́ọ̀sì tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ lè gbé fóònù, kó pe apòògùn, láìsí pé ẹnikẹ́ni bínú sí i.

Èyí gbé wa dé orí ìkìlọ̀. Àwọn tó ṣàkójọ ìwádìí lórí rẹ̀ rí i pé ìkìlọ̀ tí àwọn dókítà ń tẹ̀ kọjá wà láàárín 49 sí 96 nínú ọgọ́rùn-ún. A kò lè dá dókítà lẹ́bi. Bí ìkìlọ̀ bá ń jáde lórí gbogbo oògùn, ojú á kú sí i, èyí tó lè gba ẹ̀mí là á sì bá àwọn yòókù lọ. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀: oògùn tí ara aláìsàn kò gbà, oògùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ìwọ̀n tó kọjá òpin, àti ìwọ̀nba oògùn tí a mọ̀ dájú pé wọn kò gbọ́dọ̀ pàdé nínú ara èèyàn. Ẹ fi ìyókù pa mọ́, kí ẹ máa mú wọn wọlé díẹ̀díẹ̀. Lóṣooṣù, ẹ wo ìkìlọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ kọjá jù, kí dókítà àti apòògùn jókòó tì í, kí wọ́n pinnu bóyá kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n pa á.

Kí ètò má tilẹ̀ gbà rárá pé kí dókítà kọjá náà ní ewu tirẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2010 dá dókítà dúró pátápátá bó bá fẹ́ kọ warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, pọ̀ mọ́ co-trimoxazole, oògùn apakòkòrò. Ó ṣiṣẹ́ gan-an, àwọn dókítà kò kọ méjèèjì pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ó fa ìdádúró ìtọ́jú fún aláìsàn mẹ́rin tó nílò oògùn náà, wọ́n sì dá ìwádìí náà dúró kó tó pé. Bí ẹ bá fẹ́ dá dókítà dúró, kí ẹni tó lè ṣí ọ̀nà fún un wà lórí fóònù lóru bí ọ̀sán.

Ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́ Ẹtì tàbí ní ọjọ́ tí àwọn dókítà ọ̀dọ́ tuntun bá dé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọ́ọ̀dù kan tó rọrùn. Kí ti àwọn ọmọdé àti ti àwọn tí àìsàn wọn le gan-an gbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí àkójọ àṣẹ tiwọn bá ti ṣetán, tí wọ́n sì ti lè kọ oògùn sílẹ̀ fún ẹni tí kò tí ì dé. Nígbà tí wọ́n bá ń kó ṣáàtì bébà sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹnì kan máa tẹ̀ ẹ́, kí ẹlòmíràn máa kà á, kí wọ́n sì fa ìlà gbọọrọ lórí ṣáàtì bébà náà lójú ẹsẹ̀. Aláìsàn kan kò gbọdọ̀ ní ṣáàtì bébà àti ti kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà. Kí àwọn olùrànlọ́wọ́ wà lórí wọ́ọ̀dù ní òru náà. Òru ni ìbéèrè ń pọ̀.

Ẹ ṣọ́ ìwọ̀n àkọ́kọ́ lójú méjèèjì ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Aláìsàn dé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ pẹ̀lú àrùn tó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, dókítà kọ apakòkòrò "lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́", ètò sì gbé e sí aago mẹ́jọ àárọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Wákàtí 11 ti lọ lára ẹni tó yẹ kó gba oògùn láàárín wákàtí kan. Ní òdìkejì, ẹni tó gbà á ní aago mẹ́fà àárọ̀ lè tún gbà á ní mẹ́jọ. Ẹ fi "fún un nísinsìnyí" sójú ibi tí dókítà ti ń kọ ọ́, kí ètò sì béèrè ìgbà tí ìwọ̀n kejì yóò jẹ́.

Ètò á dákẹ́ lọ́jọ́ kan. Iná lè lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè já, oníṣòwò lè ṣe àṣìṣe. Ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, kí kọ̀ǹpútà kan tó ní bátìrì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé máa gba ẹ̀dà ṣáàtì gbogbo aláìsàn sínú ara rẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kó ṣeé tẹ̀ jáde láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ kọ orúkọ ipò ẹni tó láṣẹ láti kéde pé "a ti padà sí bébà" sílẹ̀. Nígbà tí ètò bá jí, iṣẹ́ tó le jù ló ń bẹ̀rẹ̀, nítorí gbogbo oògùn tí wọ́n fún aláìsàn lórí bébà gbọ́dọ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó fún un ní òmíràn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ dán gbogbo èyí wò ní ọ̀sán gangan tí gbogbo èèyàn wà níbi iṣẹ́, kí ọjọ́ rẹ̀ tó dé.

Àwọn àgbà ní ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe oníṣẹ́, àfi ẹni tó bá fi orí tì í dópin. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, owó ìrànlọ́wọ́ sábà máa ń tán, àsìkò yẹn gan-an sì ni àwọn òṣìṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ohun kan wà tí ètò fúnra rẹ̀ lè kà fún yín: àṣẹ tí dókítà kọ fún aláìsàn kan, tó fagi lé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí òun kan náà sì kọ fún aláìsàn mìíràn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ jẹ́ pé aláìsàn tí kì í ṣe tirẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣí. Bí iye yẹn bá ń gòkè, ẹ wo bóyá wọ́n ń ṣí ṣáàtì mẹ́rin-márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, àti bóyá orúkọ àti ọjọ́ ìbí ń hàn lókè gbogbo ojú ewé.

Ẹ tún dá àwọn aláìsàn tí kò sí láyé sínú ètò, fún àyẹ̀wò nìkan. Ọ̀kan tí ara rẹ̀ kò gba penicillin, ọ̀kan tí kíndìnrín rẹ̀ ti kọṣẹ́, ọmọ ọwọ́ kan tó wúwo ní 4 kg. Nígbàkígbà tí oníṣòwò bá mú àtúnṣe wá, kí apòògùn kọ amoxicillin, tó jẹ́ ọ̀kan nínú ìdílé penicillin, fún ti àkọ́kọ́, gentamicin fún ti kejì ní ìwọ̀n ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ dá ṣáká, àti morphine fún ọmọ ọwọ́ ní ìlọ́po mẹ́wàá ìwọ̀n rẹ̀, kó tún kọ methotrexate lójoojúmọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn. Bí ìkìlọ̀ tó jáde lóṣù tó kọjá kò bá jáde lónìí, kí àtúnṣe náà má wọ wọ́ọ̀dù kankan títí wọ́n á fi mọ ìdí rẹ̀.